Aṣọ Tútù Lórí Amọ̀

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Abéèrè, ọmọ ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì sọ ọ́ di òkúta? Èmi wà. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò tíì ní kí n má dìde. A kú ọjọ́ mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta tìrẹ ti di oṣù mẹ́rin.

Onígbàjámọ̀ ọ̀kánkán ilé wa ló ń bá mi kọ ọ́. O mọ̀ ọ́n, òun ló fá orí rẹ nígbà tí làpálàpá mú ọ. Mo ní kó kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ, kó má fi tirẹ̀ kún un. Ó ní ṣé kí òun kọ ikọ́ tí mo wú náà. Má kọ ìyẹn. Ó ti kọ ọ́.

O ní kí n máa gbé fóònù. Etí mi ọ̀tún ti kú, tòsì ń ṣàìsàn, fóònù kì í sì í jẹ́ kí n rí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Lẹ́tà sàn. Bí tìrẹ bá dé, Onígbàjámọ̀ á jókòó síwájú mi, á máa kígbe kà á, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. Nítorí náà, bó o bá ní àṣírí, fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ.

Àgbàlá wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, àwọn èèyàn inú rẹ̀ ni kò sí mọ́. Àpótí mẹ́fà là ń jókòó lé mọ ìkòkò nígbà ayé ìyá rẹ. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń rí ìdí lónìí. Adìyẹ kan ti sọ abẹ́ àpótí ìyá rẹ di ilé, mi ò sì lé e. Ìkòkò òdòdó mẹ́ta péré ni mò ń mọ lóòjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń fi aṣọ tútù bo amọ̀ tó kù, kó má bàa gbẹ, mo sì máa ń wọlé. Kò sí ẹni tí mo ń sọ fún pé iṣẹ́ parí.

Àwọn èèyàn ń bi mí pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbẹ̀. Mo ní ò ń tọ́jú eku. Ìyá tó ń ta ọṣẹ ní, "Ṣé eku ilé tiwa ló tán ni?" Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. O kì í ṣe dókítà, o kì í ṣe olùkọ́, síbẹ̀ o kàwé ju àwọn méjèèjì lọ. Sọ iṣẹ́ náà fún mi bí ẹni ń bá amọ̀kòkò sọ̀rọ̀, kí n lè rí ohun dá wọn lóhùn. Kó o sì sọ ìgbà tó o máa wá. Ọdún kẹrin rèé.

Èmi ni, ìyá tó bí ìyá rẹ.

*

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Ìyá Àgbà mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìnira orúnkún. Ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Yàrá kan lókè ilé ìfọṣọ ni mò ń gbé. Ẹ̀rọ ń yí nísàlẹ̀ láti òwúrọ̀, ilẹ̀ yàrá mi á máa gbọ̀n. Lọ́jọ́ mìíràn, ìyẹn nìkan ló ń kí mi. Níbi iṣẹ́, tábìlì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tutù mẹ́ta tó ń kùn bí oyin. Ọ̀gá wa ń gbé ìlú mìíràn, orí kọ̀ǹpútà ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń lọ ní Sátidé, mo ń lọ ní Sọ́ńdè. Kò sí ẹni tó ń ní kí n wá, kò sì sí ẹni tó ń ní kí n máa lọ.

Ẹ ní kí n sọ ọ́ bí ẹni ń bá amọ̀kòkò sọ̀rọ̀. Ó dáa. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ kéékèèké wà tí ojú lásán ò lè rí. Iṣẹ́ wọn ni láti bá àrùn jà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan ní àgbàlá ìmọ̀kòkò nínú. Ohun tí wọ́n ń mọ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní purotéènì. Òun ló wà nínú ẹyin àti ẹran tí à ń jẹ, òun náà sì ni ara wa fi ń kọ́ ilé, tó fi ń rọ ohun ìjà.

Bí àrùn bá wọlé, iṣẹ́ á dé lójijì, bí ìgbà tí òtẹ́ẹ̀lì tuntun ní kí ẹ bá òun mọ igba ìkòkò òdòdó nígbà ayé Màmá. Ẹ̀ṣọ́ á máa mọ purotéènì kíákíá, ọ̀kan á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí bí kò bá yára, àrùn á borí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó ń fi aṣọ tútù bo amọ̀, tó ń sọ pé, "Ó tó." Bí ọwọ́ yẹn bá rọ, ẹ̀ṣọ́ náà ò ní mọ̀ pé ogun ti parí. Á máa mọ, á máa pọ̀, títí yóò fi di kókó lọ́rùn tàbí ní abíyá. Irú jẹjẹrẹ tó pa Màmá nìyẹn.

Ọwọ́ yẹn ni mò ń wá. A ní àwọn eku tí a mú ọwọ́ náà kúrò nínú ẹ̀ṣọ́ wọn láti inú ìyá wọn wá. Wọ́n ń jẹun, ara wọn ń dán. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kókó á yọ. Àwọn tí ọwọ́ náà ṣì wà lára wọn, a kì í sábà rí kókó lára wọn. Ẹ sọ ìyẹn fún ìyá ọlọ́ṣẹ.

Ìyá Àgbà, ohun kan wà tí mo fẹ́ béèrè. Ilé ẹ̀kọ́ tí à ń gbé ni mo wà lọ́dún yẹn. Ta ló kọ́kọ́ rí kókó ọrùn Màmá? Ìgbà wo ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi.

Mi ò tíì mọ ìgbà tí mo máa wá. Iṣẹ́ yìí ò lópin.

Ọmọ yín, Abéèrè.

*

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Abéèrè,

Lẹ́tà rẹ dé. Onígbàjámọ̀ kígbe kà á lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó tún un kà jẹ́jẹ́, mo sì wo ẹnu rẹ̀.

Ta ló sọ fún ọ? Bó o bá fẹ́ bú mi, kò yẹ kó o lọ fi aṣọ eku wọ èébú náà. Ọwọ́ tí kò bo amọ̀, ọwọ́ ta ni? Tèmi ni. Ó yé mi. Ọwọ́ mi ni amọ̀ wà, kì í ṣe inú ọpọlọ mi.

Ó dáa. Mọ́ńdè lónìí, Onígbàjámọ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, àwa méjì péré la wà níbí. Màá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

O mọ òfin àgbàlá mi. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan aṣọ tútù àfi èmi. Bí mi ò bá tíì bo amọ̀, kò sí ẹni tó ń dìde, ì báà jẹ́ ọmọ tí mo bí. Èmi ni mo ṣe òfin yẹn, mo sì máa ń fi í yangàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ku ọgọ́ta nínú igba ìkòkò òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Ìyá rẹ wá bá mi nídìí amọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ fọwọ́ kan ibí." Ó mú ọwọ́ mi, ó fi í sí ọrùn rẹ̀, lábẹ́ etí. Mo kàn án. Ó le, ó sì ń yọ̀, bí òkúta tí à ń fi dán ara ìkòkò.

Mo ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

Ó ní rárá.

Mo ní, "Ohun tí kò dunni, ó lè dúró. Ọgọ́ta ló kù."

Ó ní, "Ṣé kí n lọ ọsibítù lọ́la, kí n tètè padà?"

Mo ní, "Bí iṣẹ́ bá parí."

Ó padà lọ jókòó. Amọ̀ ọwọ́ mi wà lọ́rùn rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò nù ún.

Òun lọ́wọ́ rẹ̀ yá jù nínú gbogbo wa. Bó bá dìde, iṣẹ́ á falẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn, mi ò ní òmíràn. A mọ ọ́n tán, òjò dé, ìkòkò ò gbẹ. A dúró. A sun ún, mẹ́jọ sán, a mọ mẹ́jọ mìíràn. Oṣù méjì lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dé ọsibítù, dókítà ní, "Kí ló dé tí ẹ ò tètè wá?" Ìyá rẹ wò mí. Mo dákẹ́. Ó ní, "Èmi ni mo fi pamọ́." Mo tún dákẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi dákẹ́. Gbogbo ayé ló gbà pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ nu awò ojú òun. Mo ní kó nù ún kíá, kó gbé bírò.

Mi ò ní kó o forí jì mí. O béèrè, mo dáhùn. Kọ̀wé.

Ìyá ìyá rẹ.

*

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Abéèrè,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mi ò rí lẹ́tà. Onígbàjámọ̀ lọ béèrè nílé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ní kò sí ohun tó sọnù. Ó ní kí òun pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní kò gbọ́dọ̀. Ẹni tó bá ń bínú, a kì í fi aago jí i.

Láti ọjọ́ tó ti kọ lẹ́tà yẹn, ọkùnrin yìí ò lè gẹ irun jẹ́ẹ́ mọ́. Ó ní ó ti tó ogún ọdún tí ọrùn èèyàn ti ń kọjá lábẹ́ abẹ òun, òun ò wò ó rí. Ní báyìí, kó tó gbé abẹ, á kọ́kọ́ tẹ abẹ́ etí oníbàárà. Ọ̀kan fò dìde tòun taṣọ lọ́rùn: "Baba, ṣé irun ni mo ní kẹ́ ẹ gẹ̀, àbí ẹ fẹ́ fún mi lọ́rùn pa?" Ó ti rán ẹni méjì lọ sọ́sibítù. Ti àkọ́kọ́, eéwo ni. Onítọ̀hún padà wá bú u, ó ní òun ò gẹrun lọ́dọ̀ wèrè mọ́. Èkejì, awakọ̀ akẹ́rù kan, wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Onígbàjámọ̀ ní kí n má sọ ti eéwo. Mo ti sọ ọ́.

Ẹsẹ̀ mi ti ń wú. Mo ń mọ ìkòkò méjì lóòjọ́. Bí mo bá ti rí ẹni tó gbé àpò lójú ọ̀nà, mo máa ń gbójú sókè.

Èmi ni.

*

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹjọ

Abéèrè,

Wọ́n ní jẹjẹrẹ ló wà lọ́rùn awakọ̀ yẹn, irú ti ìyá rẹ gan-an. Ṣùgbọ́n dókítà ní ó tètè wá. Onígbàjámọ̀ sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì: "Màmá, wọ́n ní ó tètè wá." Mo ní mo gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Ìkòkò kan ni mo mọ lánàá. Lónìí, mi ò mọ nǹkan kan. Mo kàn ṣí aṣọ, mo wo amọ̀, mo tún un bò.

Kọ̀wé sí mi kó o fi bú mi. Lẹ́tà èébú náà, lẹ́tà ni.

Èmi ni.

*

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹsàn-án

Ìyá Àgbà mi,

Mo kúnlẹ̀, mi ò sì ní dìde títí màá fi sọ ọ́ tán. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fà á ya.

Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí n bá amọ̀kòkò sọ̀rọ̀, mo sì bá amọ̀kòkò sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún mi. Aṣọ tí mo gbé sílẹ̀ fún eku, ẹ̀yin lẹ gbé e wọ̀.

Mo bínú o, mi ò ní purọ́. Fún oṣù méjì gbáko, bí mo bá ti rántí amọ̀ ọwọ́ yín lọ́rùn rẹ̀, mo máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ dúró lórí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbínú ló pa mí lẹ́nu mọ́ títí dòní.

Ẹ rántí ìsinmi tí mo wá lò nílé kí òjò ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ooru mú débi pé ajá ò lè gbó. Màmá fi ìborùn wé ọrùn. Mo ní, "Màmá, kí lẹ ń fi ìborùn ṣe nínú ooru yìí?" Ó ní, "Abéèrè, lọ di ẹrù rẹ." Mo lọ di ẹrù mi. Èmi tí mo máa ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá títí ẹ ó fi ju amọ̀ lù mí! Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo béèrè lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ìdánwò ló wà lọ́kàn mi, mo fẹ́ bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ. Ìdí tí mo fi bi yín pé ta ló kọ́kọ́ rí i ni pé mo fẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ ò bi mí bóyá oṣù méjì yẹn ló pa á, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìbéèrè náà lábẹ́ gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ohun tí mo mọ̀ nìyí. Ọwọ́ tó ń bo amọ̀ nínú ẹ̀ṣọ́ ara kì í rọ lọ́jọ́ tí kókó yọ. Ó lè ti rọ láti ọdún mélòó kan kí èèyàn tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìkòkò kọ́ ló fà á, ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á. Ṣùgbọ́n oṣù méjì kì í ṣe òfo. Mi ò lè búra pé ì bá yè ká ní ó tètè lọ, mi ò sì lè búra pé kò ní yè. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun mọ̀, irọ́ ló pa.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. A fún àwọn eku kan ní oògùn tó ń ṣe bí ọwọ́ yẹn, tó ń dín purotéènì tí ẹ̀ṣọ́ wọn ń mọ kù. Kókó wọn súnkì. Eku ni o, kì í ṣe èèyàn, ọ̀nà ṣì jìn. Ṣùgbọ́n mo rí i. Mo gbójú sókè kí n sọ ọ́ fún ẹnì kan, àga òfìfo ni mo rí. Mo bá tún jókòó, mo tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé ojú mi ló tàn mí jẹ. Òní ló di ọjọ́ kọkànlá tí mi ò sinmi. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n bí mo bá gbé ìgò. Mi ò mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń dìde nídìí iṣẹ́.

Ẹ bá mi kí Onígbàjámọ̀. Ẹ ní kó máa tẹ ọrùn wọn lọ.

Abéèrè.

*

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Abéèrè, ọmọ ọmọ mi,

Sátidé ni lẹ́tà rẹ dé, ṣọ́ọ̀bù kún. Mo ní kí Onígbàjámọ̀ kígbe kà á. Ó ní, "Níwájú àwọn oníbàárà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún mẹ́sàn-án ti tó fún ìdákẹ́. Wọ́n gbọ́ nípa ọwọ́ mi, wọ́n gbọ́ nípa ìborùn. Ìyá ọlọ́ṣẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bi mí léèrè eku. Awakọ̀ náà wà níbẹ̀. Oògùn ti mú kí orí rẹ̀ pá, kò ní irun tí wọ́n máa gẹ̀, ó kàn wá jókòó ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́ nígbà yẹn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ní kó lọ di ẹrù, á lọ di ẹrù. Èyí tó wà lórí mi, ọrùn mi gbé e. Má bá mi gbé e.

Mo gbọ́ ohun tó o sọ pé o ò lè búra. Inú mi dùn pé o ò purọ́ fún mi. Ká ní o sọ pé oṣù méjì yẹn kò ṣe nǹkan kan ni, mi ò ní gbà ọ́ gbọ́ mọ́ láyé.

Mo tún gbọ́ èyí tó o fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ọjọ́ kọkànlá. Ọwọ́ ń gbọ̀n. O ò mọ bí wọ́n ṣe ń dìde. Ṣé o rò pé etí mi ti kú tó bẹ́ẹ̀ ni? Ìyá rẹ sọ tirẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ń ka ìkòkò.

Iṣẹ́ eku yẹn dára. Ó sàn ju ìkòkò lọ, má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n eku ò ní sọ ọ́ fún ọ, ọ̀gá inú kọ̀ǹpútà ò sì ní sọ ọ́ fún ọ. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ nídìí tábìlì, gbé ìgò ọwọ́ rẹ sílẹ̀. Fọ ọwọ́. Fi ọwọ́ mímọ́ kan ọrùn rẹ, lábẹ́ etí méjèèjì, kó o kan abíyá. Bó o bá rí ohunkóhun, lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí o kò bá rí nǹkan, lọ sílé, lọ sùn. Bó o bá jí, lọ wo ọkọ̀ tó ń bọ̀ níhìn-ín. Mo ti lé adìyẹ kúrò lábẹ́ àpótí ìyá rẹ. Ó ń bá mi yan odì.

Onígbàjámọ̀ ní kí òun fi àdúrà parí rẹ̀. Mo ní rárá, kó kọ ohun tí ó yẹ kí n sọ fún ìyá rẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kó kọ ọ́ gàdàgbà, kó o lè kà á láti òkèèrè:

Ó tó. Dìde, ọmọ mi.